Ta Ni Sójà Ń Kí?

Àwa ọmọ Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré. A ní ìkíni fún ẹni tí ó jókòó àti fún ẹni tí ó dúró, fún ẹni tí ó ti oko dé àti fún ẹni tí ó pàtẹ ọjà, fún aboyún, fún ọlọ́mọ tuntun, fún ẹni tí òjò pa àti fún ẹni tí oòrùn pa. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n kí, a ó ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n ìkíni kan wà tí àwa ará Kútọnù ń rí lójoojúmọ́ tí a kì í sábà ronú sí, èyí ni ìkíni sójà. Ọwọ́ ọ̀tún yóò lọ sókè, ìka yóò nà gbọnrangandan, orí ìka yóò kan etí fìlà, ojú yóò ko ojú, ọwọ́ yóò sì sọ̀ kalẹ̀. Kò sí "ẹ kú" kankan níbẹ̀, kò sí "ṣé àlàáfíà ni?" Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Kí ni ìkíni yìí ń sọ? Ta ni sójà ń kí gan-an?

Ohun tí ó mú wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Olùkọ́ ni wá ní Gbégamey. Ìtàn àti jọ́gíráfì ni a ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò BAC. Aṣọ kakí ni wọ́n ń wọ̀ wá sí kíláàsì, gẹ́gẹ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba yòókù ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní ọdọọdún, a máa ń rí díẹ̀ nínú wọn tí wọ́n ń bọ́ kakí ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tí wọ́n sì ń gbé aṣọ ológun wọ̀. Àwọn kan ń lépa ipò ọ̀gá, wọ́n ń fojú sọ́nà fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun tí ó wà ní Toffo. Àwọn mìíràn ń wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń múra àtilọ ni ó bi wá ní ìbéèrè kan lójú gbogbo kíláàsì: "Bí ọ̀gá mi bá jẹ́ òmùgọ̀ ńkọ́? Ṣé n ó ṣì máa kí i?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Agogo lù kí ìdáhùn wa tó jinlẹ̀. Òun ni a fẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ìkíni náà ṣe rí. Àwọn ológun Bẹ̀nẹ̀ jogún ìlànà wọn lọ́wọ́ Faransé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ológun Nàìjíríà ṣe jogún tiwọn lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìlànà méjèèjì, àtẹ́lẹwọ́ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ máa ń kọjú síta kí ẹni tí a ń kí lè rí i. Ní Amẹ́ríkà, àtẹ́lẹwọ́ a máa dojú kọ ilẹ̀. Ẹni tí oyè rẹ̀ kéré ni ó ń kọ́kọ́ kí. Ẹni tí kò bá dé fìlà kì í gbé ọwọ́ sókè. Yóò kàn dúró ṣánṣán, apá ní ẹ̀gbẹ́, ìyẹn náà ti tó. Fìlà yìí gan-an ni ó fi orísun ìkíni náà hàn wá. Ní Yúróòpù àtijọ́, ẹni kékeré a máa ṣí fìlà fún ẹni ńlá, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣí fìlà níwájú ọba. Nígbà tí fìlà ológun wá ga tí ó sì ṣòro láti ṣí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan etí rẹ̀ dípò. Ní ọdún 1745, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Coldstream ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe ṣí fìlà mọ́ bí wọ́n bá ń kọjá lára ọ̀gá, kí wọ́n kàn gbé ọwọ́ kan fìlà kí wọ́n sì tẹ orí ba. Ìṣí-fìlà tí a gé kúrú ni ìkíni sójà.

Orúkọ pípè náà ní òfin tirẹ̀. Ẹni tí ó bá bá ológun Faransé tàbí ti Bẹ̀nẹ̀ gbé yóò ti gbọ́ "mon lieutenant", "mon capitaine", "mon colonel". Adjudant ní "mon" tirẹ̀, sergent kò ní. Obìnrin tí ó bá jẹ́ ọ̀gá, oyè rẹ̀ nìkan ni a ń pè. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin "o" àti "ẹ", láàrin "ẹ̀gbọ́n" àti "bàbá", kò ní rí èyí gẹ́gẹ́ bí ohun àjèjì. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo lè ba ìpàdé ńlá jẹ́.

Òfin kan tún wà tí àwọn aráàlú kì í sábà kíyè sí: ọ̀gá gbọ́dọ̀ dá ìkíni náà padà. Kì í ṣe oore tí ó ń ṣe fún ọmọ ogun kékeré. Ojúṣe rẹ̀ ni. Ọ̀gágun tí ọmọ ogun àná kí, tí ó gbé ojú kúrò bí ẹni tí kò rí i, òun ni ó rú ìlànà, kì í ṣe ọmọ ogun náà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa náà, bí ọmọdé bá dọ̀bálẹ̀, àgbà kì í wo ọ̀nà ibòmíràn. Yóò dáhùn, yóò pe oríkì rẹ̀ bí ó bá mọ̀ ọ́n, yóò súre, yóò ní kí ó dìde. Àgbà tí a kí tí kò dáhùn ti fi ọ̀wọ̀ ara rẹ̀ wọ́lẹ̀. Nítorí náà, ìkíni kì í ṣe owó orí tí ẹni kékeré ń san fún ẹni ńlá. Àdéhùn ni láàrin ẹni méjì, ìwọ̀n ẹrù wọn ni kò dọ́gba.

Ibi tí ọ̀nà sójà àti ọ̀nà ilé wa ti pínyà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Àwa ń kí orí ewú. Àwọn ń kí oyè. Lieutenant kan lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kí adjudant tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, kí ó ti mọ igbó, kí ó ti mọ ìbọn, kí ó sì ti bí ọmọ tí ó dàgbà tó lieutenant náà. Síbẹ̀, adjudant ni yóò kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Kétu tàbí ní Pọ́bẹ̀ kò ní fẹ́ fi ojú rí i. A gbé ọ̀rọ̀ náà tọ bàbá kan lọ, ọmọ Kétu ni, aládùúgbò wa, tí ó ṣiṣẹ́ ológun fún ogún ọdún ó lé kí ó tó fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí adjudant. A ní: "Bàbá, báwo ni ó ṣe máa ń rí lára yín bí ẹ bá ń kí ọmọ tí ẹ lè bí?" Ó wò wá, ó ní: "Tíṣà, èmi kò kí ọmọ náà rí. Ohun tí ó wà ní èjìká rẹ̀ ni mo kí. Bí ó bá bọ́ aṣọ sílẹ̀ tí ó wá sí ilé mi lọ́jọ́ Àìkú, òun ni yóò dọ̀bálẹ̀, màá sì ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún un." Ó tún fi kún un pé ọmọ ọ̀gá tí ó bá gbọ́n kì í pa àṣẹ tí ó le láìkọ́kọ́ bi adjudant rẹ̀ léèrè ní kọ̀rọ̀, àti pé adjudant tí ó bá gbọ́n kì í tako ọ̀gá rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ogun.

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí kì í ṣe ìmọ̀ bárékè nìkan. Ilé Yorùbá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ọmọ tí a gbé pọ̀n lánàá, bí a bá fi í jọba lónìí, àgbà tí ó gbé e jó ní kékeré yóò dọ̀bálẹ̀ fún un, kò sì ní sọ pé ojú ti òun. Kì í ṣe ọmọ náà ni ó ń dọ̀bálẹ̀ fún, adé ni. Kì í sì í ṣe adé lásán, bí kò ṣe gbogbo ìlú tí adé náà dúró fún. Ẹni tí ó bá lè ya oyè sọ́tọ̀ kúrò lára ènìyàn ti mọ ìdajì ohun tí à ń pè ní ọ̀wọ̀ ológun.

Ìdajì kejì ni ọ̀rọ̀ tí Faransé ń pè ní "discipline". Ó ṣòro láti túmọ̀. Bí a bá pè é ní ìbáwí, ọkàn gbogbo ènìyàn á lọ sí pàṣán. Ṣùgbọ́n nínú èdè Látìn, ọmọ ìyá kan náà ni "discipline" àti "disciple", èyí tí í ṣe ọmọ ẹ̀yìn. Inú ẹ̀kọ́ kíkọ́ ni àwọn méjèèjì ti wá. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ ni ó sún mọ́ ọn jù, ẹ̀kọ́ tí ó wọra títí tí ẹni tí ó kọ́ ọ kò fi nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dààmú ọmọ ogun tuntun lórí ohun tí ó jọ ohun kékeré lójú ẹni tí ó wà níta: bí a ṣe ń tẹ́ ibùsùn, bí a ṣe ń nu ìbọn, bí bàtà ṣe gbọ́dọ̀ dán, bí aago márùn-ún ìdájí ṣe jẹ́ aago márùn-ún, tí kì í ṣe aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Kì í ṣe nítorí ibùsùn. Ìbọn tí a kò nù lánàá kò ní dún lónìí. Ẹni tí a ní kí ó ṣọ́nà lóru tí ó sùn lọ kò fi ẹ̀mí ara rẹ̀ nìkan tàfàlà. Gbogbo àwọn tí ó sùn nítorí pé ó ní òun kò sùn ni ó fi wewu.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Láti oṣù kìíní ọdún 2022 ni ìjọba ti kó àwọn ọmọ ogun lọ sí àríwá lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Mirador, láti dènà àwọn agbébọn tí ń kọjá láti Burkina Faso àti Niger. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n kọlu àwọn ológun wa ní agbègbè Páàkì W. Ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé ọmọ ogun 54 ni ó kú. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ariwo kíláàsì wa lọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó jókòó níwájú wa kò fi ọdún púpọ̀ kéré sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà lójú ogun. A kò lè dúró níwájú wọn kí a sọ pé ìgbọràn jẹ́ ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọmọ ogun tí ó wà nínú igbó ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí ó wà lọ́tùn-ún àti ẹni tí ó wà lósì rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dá a lójú pé bí wọ́n bá ní "ẹ dúró", gbogbo wọn ni yóò dúró.

Ṣùgbọ́n ìgbọràn fún ta ni? Ibí ni ìtàn ti ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ tí kò dùn. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Afọ̀njá ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun Ọ̀yọ́. Aláàfin Aólẹ̀ fẹ́ pa á run lọ́nà ẹ̀rọ̀, ó rán ogun lọ sí Ìwéré, ìlú tí kò rọrùn láti kó, nítorí Kakaǹfò tí kò bá ṣẹ́gun gbọ́dọ̀ kú. Ọba lo àṣẹ rẹ̀ láti dẹ pàkúté fún ìránṣẹ́ ara rẹ̀. Àwọn ológun kọ̀, wọ́n yí ogun padà sí ọba, wọ́n fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, Aólẹ̀ sì kú. Afọ̀njá rò pé òun ti bọ́. Ó jókòó sí Ìlọrin, ó kó àwọn ọmọ ogun tuntun jọ tí kò ní ọba kankan lórí, tí wọ́n ń fi ìkógun ṣe oúnjẹ. Nígbà tí ó yá, ó fẹ́ kó wọn níjàánu, ọwọ́ rẹ̀ kò ká wọn mọ́. Ní àwọn ọdún 1820, àwọn ọmọ ogun tí òun fúnra rẹ̀ kó jọ ni wọ́n pa á, Ìlọrin sì bọ́ lọ́wọ́ ìran rẹ̀. Ẹ̀bi pín sí apá méjì nínú ìtàn yìí. Aólẹ̀ ba àṣẹ jẹ́ láti òkè nígbà tí ó fi ṣe ohun ìkà. Afọ̀njá bà á jẹ́ láti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ọmọ ogun rẹ̀ pé a lè bá olórí ṣe bí a ṣe fẹ́ kò ronú pé òun náà jẹ́ olórí.

Ẹ wá wo ilé tiwa. Dahomey gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1963, Colonel Christophe Soglo gba ìjọba lọ́wọ́ Hubert Maga, ó sì dá a padà fún àwọn olóṣèlú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kejìlá ọdún 1965, ó tún padà, ó sì gbà á fún ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1967, Commandant Maurice Kouandété àti àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun lé Soglo, ẹni tí ó ti di ọ̀gágun nígbà náà. Wọ́n gbé Alphonse Alley sí orí àlééfà, ó fa ìjọba lé Émile Derlin Zinsou lọ́wọ́ ní ọdún 1968. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1969, Kouandété tún dìde, ó lé Zinsou. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, Commandant Mathieu Kérékou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba gbogbo rẹ̀. Láàrin ọdún mẹ́sàn-án péré, ìbọn ti lé ìjọba kúrò lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Nígbà tí a bá kọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí sí ojú pátákó, ohun kan ni a máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣàkíyèsí. Ìkíni kò dáwọ́ dúró ní bárékè ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Commandant ń kí colonel, colonel ń kí ọ̀gágun, bàtà ń dán, àsíá ń gòkè ní òwúrọ̀. Ohun tí ó ti kúrò ni ohun tí ìkíni náà ń tọ́ka sí. Soglo ti fi hàn ní 1963 pé ẹni tí ó ní ìbọn lè yọ ẹni tí ó ní ìwé òfin. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa, òun gan-an ni wọ́n sì kọ́kọ́ dá a wò lórí. Ìtàn Afọ̀njá nìyí nínú aṣọ kakí. Ọwọ́ ń lọ sókè, ọkàn kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìkíni ológun wọ inú ilé àti ọ́fíìsì. Ní ọdún 1975, Dahomey di République populaire du Bénin. A kò tíì bí wa, ṣùgbọ́n àwọn òbí wa ń sọ ọ́ títí di òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé yóò kọ́kọ́ ké pé "Prêt pour la révolution!", àwọn yòókù yóò sì dáhùn pé "La lutte continue!" Ó jọ ìkíni, ó ní ìpè, ó ní ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ìkíni tí ẹni tí kò dáhùn rẹ̀ ń bẹ̀rù pé a ó kọ orúkọ òun sílẹ̀ kì í ṣe ìkíni mọ́. Èyí ni ìyàtọ̀ tí a fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa mọ̀. Ẹni tí ó ń bu ọlá fúnni àti ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè gbé ọwọ́ sókè bákan náà. Nígbà tí ìbọn bá kúrò nílẹ̀ ni a ó mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́.

Ọjọ́ náà dé ní oṣù kejì ọdún 1990. Láti ọjọ́ 19 títí di ọjọ́ 28, àwọn aṣojú tí iye wọn sún mọ́ 500 péjọ sí ilé ìtura PLM Alédjo ní Kútọnù, Monseigneur Isidore de Souza sì ni ó darí wọn. Àwọn ológun wà láàrin wọn. Àwọn aṣojú náà kéde pé àpérò àwọn ní àṣẹ tí ó ga jù lọ. Ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ Kérékou, bárékè kò sì jìnnà. Ní ọjọ́ 28, ó gba ìpinnu àpérò náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó du ipò ààrẹ, ó fìdí rẹmi lọ́wọ́ Nicéphore Soglo, ó sì lọ sí ilé rẹ̀. A lè ka ẹ̀sùn púpọ̀ sí i lọ́rùn fún ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó ti kọjá. A kò gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ náà, ológun kan dá ìkíni àwọn aráàlú padà.

Ohun tí ó jáde lẹ́yìn àpérò náà ni Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990. Àwọn tí ó kọ ọ́ ti fi ara mọ iná, wọ́n sì kọ ọ́ bí ẹni tí iná jó rí. Abala 65 sọ pé ológun tí ó bá gbìyànjú láti dojú ìjọba òfin bolẹ̀ ti da orílẹ̀-èdè. Abala 66 pe gbogbo ọmọ Bẹ̀nẹ̀ láti má ṣe gbọ́ràn sí aṣẹ́gbajọba, kódà ó dárúkọ àwọn ọmọ ogun alágbàṣe. Wọn kò gbàgbé ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1977 tí Bob Denard kó irú wọn wọ pápákọ̀ òfuurufú Cadjèhoun, nítòsí Gbégamey wa níbí. Ṣùgbọ́n abala 19 ni a fẹ́ràn jù láti kà ní kíláàsì. Ó sọ pé bí àṣẹ tí a pa bá tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ́nà tí ó burú tí ó sì hàn gbangba, òṣìṣẹ́ ìjọba tí a pa á fún ti bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe ìgbọràn.

Nígbà tí a bá ka èyí, àwọn ọmọ kan máa ń yọ̀, bí ẹni pé a ti fún wọn ní àyè láti ṣe bí ó ṣe wù wọ́n. A máa ń dá wọn dúró níbẹ̀. Abala 19 kò sọ pé kí a ṣàìgbọràn sí àṣẹ tí kò dùn mọ́ wa, tàbí àṣẹ ọ̀gá tí a rò pé a gbọ́n jù lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa àṣẹ tí ó burú débi pé ojú ẹnikẹ́ni lè rí i: kí a yìnbọn sí aráàlú tí kò mú ohun ìjà dání, kí a lu ẹni tí a ti dè. Àwọn àgbà wa kò ka ìwé òfin kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a rán kò kọ iṣẹ́, kò yájú sí ẹni tí ó rán an. Ṣùgbọ́n ó gbé làákàyè rẹ̀ dání lọ. Ohun tí ẹrú yóò ṣe nítorí pé wọ́n ní kí ó ṣe é, ọmọ yóò béèrè bóyá ó yẹ ilé. Nínú òwe kan ṣoṣo, a rí ìgbọràn, a sì rí ààlà ìgbọràn.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ 1963 ti di ìtàn àtijọ́ ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2025. Àwọn sójà kan fara hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba, wọ́n ní àwọn ti gba ìjọba. Ìbọn dún ní Kútọnù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ológun tí ó dúró ti òfin ti borí wọn, Nàìjíríà sì fi ọkọ̀ òfuurufú ogun ṣe ìrànwọ́. A kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ wà fún ìyẹn. Ohun tí ó kàn wá ni pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, aṣọ kan náà ni ó wà lára àwọn méjèèjì, àwọn tí ó dìtẹ̀ àti àwọn tí ó dúró. Wọ́n ti kí ara wọn rí. Ọwọ́ kan náà, etí fìlà kan náà. Ohun tí ó yà wọ́n ni ohun tí olúkúlùkù rò pé òun ń kí.

Kí ni èyí fi kan àwa tí a kò gbé ìbọn rí? Ó kàn wá gan-an, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni ọmọ ogun ti ń wá. Kí ó tó dé bárékè, ó ti lo ọdún méjìdínlógún ní ilé àti ní ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí ó ti kọ́ ohun tí àṣẹ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé pàṣán nìkan ni ó mọ̀, yóò gbọ́ràn níwọ̀n ìgbà tí pàṣán wà nítòsí. Bí bàbá rẹ̀ bá ń ní kí ó dọ̀bálẹ̀ ṣùgbọ́n tí òun kì í dáhùn, yóò gbà pé ọlá túmọ̀ sí àìdáhùn, yóò sì lò ó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá gba oyè. Bí olùkọ́ bá ń sọ pé "nítorí pé mo ní kí o ṣe é" nígbà gbogbo, tí kò sọ ìdí rí, ọmọ náà kò ní mọ ìyàtọ̀ láàrin àṣẹ tí ó dára àti èyí tí ó burú. Ó ní ìgbà tí kò sí àyè láti sọ ìdí, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí lójú ogun. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti sọ ìdí fún nígbà tí àyè wà ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé wa nígbà tí àyè kò sí.

Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe àwọn ohun kéékèèké kan ní kíláàsì wa. Àwọn ọmọ máa ń dìde bí a bá wọlé. A kì í jókòó kí a tó kí wọn padà. Bí a bá ní aago méje, aago méje ni àwa náà ń dé. Bí a bá gba ìwé ẹnìkan tàbí bí a bá lé e síta, a ń sọ òfin tí ó rú, a kì í sọ pé ó bí wa nínú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí àsíá bá ń gòkè tí wọ́n sì ń kọ orin "L'Aube Nouvelle", a máa ń rán wọn létí pé kò sí ẹni tí ó kéré tàbí tí ó tóbi jù láti dúró: olórí ilé-ẹ̀kọ́ dúró, ẹni tí ń gbálẹ̀ dúró. Níbẹ̀ ni gbogbo wa ti jẹ́ ọmọ ogun kékeré, tí ẹnikẹ́ni kò sì jẹ́ ọ̀gá.

Ìdáhùn wa sí ọmọ tí ó béèrè ìbéèrè náà nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ yóò kí ọ̀gá rẹ bí ó tilẹ̀ jẹ́ òmùgọ̀. Ìwọ yóò kí i dáadáa, pẹ̀lú ìka tí ó nà àti ojú tí kò yẹ̀, nítorí kì í ṣe òun ni ò ń kí. Ò ń kí oyè tí ó wà ní èjìká rẹ̀, oyè náà sì ń kí àsíá, àsíá sì ń kí òfin tí gbogbo wa jọ fọwọ́ sí. Bí òun fúnra rẹ̀ bá wá dúró níwájú òfin náà, tí ó sì ní kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìwọ yóò mọ ẹni tí o ti ń kí láti ọjọ́ yìí wá, ìwọ yóò sì mọ ẹni tí ó yẹ kí o dúró tì.